Bí pásítà ṣe ń ki, tó ń kúnná, láìsí ẹ̀kán mílíìkì kan nínú rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Birmingham ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ méjì. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lé ní ogójì ọdún ni mílíìkì ti ń dà á láàmú: bó bá ti fẹnu kàn án, inú á kùn, á wú, á sì lé e lọ ilé ìyàgbẹ́. Ọmọbìnrin wa àgbà, ọmọ ọdún méje, wá lọ jẹ pásítà funfun tó ki dáadáa nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ ká gbádùn mọ́. Mo fi mílíìkì àgbọn sè é, ó dùn, ṣùgbọ́n kò jọ pásítà. Mo fi mílíìkì oat sè é, ó ṣàn bí omi. Asparagus, ẹ̀fọ́ tútù tó rí bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ti dé ọjà wa báyìí, mo ti ra ìdì kan, leek náà sì wà nílé. Báwo ni mo ṣe lè sè é kí gbogbo wa jẹ ẹ́ látinú ìkòkò kan ṣoṣo?

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, o kú ilé, o kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun méjì tó o sè tí kò rí bó o ṣe fẹ́ yẹn, wọn ò ṣòfò. Àwọn ló máa jẹ́ kí àlàyé mi yá. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa inú bàbá ilé.

Kì í ṣe pé ayé ń ṣe é, kò sì ṣàṣejù. Ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tí wọ́n ń pè ní láktóòsì. Ìfun ọmọ ọwọ́ ní èròjà tó ń dá ṣúgà yìí sí wẹ́wẹ́ kí ara tó lè gbà á. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ, èròjà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, nígbà tí ọmọ bá fi máa dàgbà, díẹ̀ ló máa kù nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ṣúgà tí kò dà á wá sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tíntìntín inú ibẹ̀ á máa jẹ ẹ́, wọ́n á sì máa tú gáàsì. Kíkùn tí ò ń gbọ́ nínú ọkọ rẹ nìyẹn. Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó di mínísítà ètò ìlera ní Nàìjíríà ní 1985, wà lára àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1971, òun àti Norman Kretchmer pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n fún ní láktóòsì ni kò dà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn Fúlàní darandaran, tí mílíìkì ti jẹ́ oúnjẹ wọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ó ń dà nínú tiwọn dáadáa. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọkọ rẹ pé òyìnbó ló ń ṣe.

O lè wá bi mí pé kí ló dé tí wàrà tí à ń rà lọ́wọ́ Fúlàní nílé kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n bá fi omi ewé bòmùbòmù mú mílíìkì dì, tí wọ́n sì sẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ nínú ṣúgà yẹn ló bá omi rẹ̀ lọ. Omi náà ni à ń dà nù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o yẹ̀ wò kí a tó gbé ìkòkò kaná. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni ètè ẹnì kan nínú ilé ń wú, tí ara rẹ̀ ń sú, tàbí tí èémí rẹ̀ ń há lẹ́yìn tó bá fẹnu kan mílíìkì, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ṣúgà mọ́. Pùrótéènì inú mílíìkì ni ara rẹ̀ ń bá jà, mílíìkì tí wọ́n kọ lactose-free sí lára kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé mílíìkì màlúù náà ni. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi ti ohun tó o kọ wò, ti ọkọ rẹ kò rí báyìí.

Ó yá, ká wọ ilé ìdáná. Kì í ṣe mílíìkì ló ń mú pásítà ki. Ọ̀rá ni, pẹ̀lú omi, pẹ̀lú sítáàṣì tó so àwọn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n má lè pínyà. O ti mọ èyí tipẹ́, o kàn lè má rò ó síbẹ̀ ni. Ta ló da mílíìkì sí gbẹ̀gìrì rí? Ẹ̀wà tó jinná rẹ́sẹ́rẹ́sẹ́, omi, epo pupa, ìjábẹ̀ sì ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ìkòkò títí gbogbo rẹ̀ á fi di ọ̀kan, tó sì ń yọ́ lọ lọ́nà ọ̀fun. Bí o bá lè se gbẹ̀gìrì, o lè se pásítà yìí. Ohun tí a óò máa wá ni ohun tó ní ọ̀rá àti sítáàṣì, tí adùn rẹ̀ kò sì ní pariwo.

Ibi tí mílíìkì àgbọn ti kùnà nìyẹn. Ó ní ọ̀rá dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi ki. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ ni pé kì í gbàgbé ilé ẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ frejon rí ní Pópó Àgùdà ní Èkó, lọ́jọ́ Ẹtì Rere ṣáájú Àjíǹde, mọ adùn tí mò ń wí: ẹ̀wà àti àgbọn tó dà pọ̀, ẹja díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dára níbẹ̀, mi ò sì ní kọ̀ ọ́ bí wọ́n bá gbé e wá báyìí. Lórí asparagus, ńṣe ló bo ẹ̀fọ́ náà mọ́lẹ̀.

Ti mílíìkì oat yàtọ̀. Èyí tí à ń dà sí tíì yẹn, ọ̀rá inú rẹ̀ kì í sábà ju 3 lọ nínú 100. Ní Ìlú Ọba, ọ̀rá inú single cream, kírímù mílíìkì tó fúyẹ́, máa ń tó nǹkan bí 18 nínú 100, ti double cream, èyí tó ki, sì máa ń tó nǹkan bí 48. Ìwọ wá fi ọlọ́ràá 3 rọ́pò ọlọ́ràá 18, kí ló máa ṣe bí kò bá ṣàn? Bó o tiẹ̀ gbé e kaná pẹ́ tó dín kù, kò ní kúnná bíi kírímù.

Èmi náà ti jìyà tèmi, kí o má bàa rò pé mo gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilé oúnjẹ kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní London ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, mílíìkì sóyà ni mo fi ń se ọbẹ̀ pásítà fún àwọn tí kì í jẹ mílíìkì. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí èrò kún, mo fún lẹ́mọ́ọ̀nù sínú rẹ̀ nígbà tó ń hó lọ́wọ́. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dì ṣùgìṣùgì, omi sì dá dúró lọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe tòfú, wàrà sóyà, gan-an nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé mo ti di alátòfú. Àwo mẹ́fà ń dúró, ọ̀gá sì ń pe orúkọ mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi sóyà sílẹ̀, tí mo gba kajú mú.

Ẹ̀pà inú kajú ni mò ń wí o. Orúkọ tí à ń pè é yìí, ẹnu àwọn Potogí la ti gbọ́ ọ, caju ni wọ́n ń pè é, Brazil ni wọ́n sì ti gbé igi rẹ̀ wá. Nílé, èso rẹ̀ tó ń ba aṣọ ilé-ìwé jẹ́ la mọ̀ jù, àti ẹ̀pà rẹ̀ tí wọ́n yan sínú ìgò. Èyí tí wọ́n yan yẹn kọ́ ni kí o lò. Yíyan ti sọ ọ́ di pupa, adùn rẹ̀ á dà bíi ti ẹ̀pà sísun, ọbẹ̀ rẹ á sì di aláwọ̀ iyanrìn. Èyí tó funfun, tí kò níyọ̀, tí wọ́n kọ raw sí lára, ni kí o wá. Fífọ́ ni kí o sì rà, má ra odidi: ọ̀kan náà ni wọ́n lójú bílẹ́ńdà, owó fífọ́ sì kéré. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń ra odidi kajú kó tó lọ fọ́ ọ? Nínú 100 gíráàmù ẹ̀pà yìí, ọ̀rá rẹ̀ lé ní 40, sítáàṣì rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀pà mìíràn lọ. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bó bá ti kan iná, á bẹ̀rẹ̀ sí í ki fúnra rẹ̀, láìsí ìyẹ̀fun kankan.

Fún ẹ̀yin mẹ́rin, wọn 120 gíráàmù. Bí o bá ráyè, rẹ ẹ́ sómi láàárọ̀ kí o tó jáde. Bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo mẹ́fà tí ebi sì ti ń pa àwọn ọmọ, gbé e kaná pẹ̀lú omi, kó hó fún ìṣẹ́jú 15, títí tí ìka rẹ á fi lè tẹ ọ̀kan fọ́. Da omi yẹn nù. Bí a ṣe ń lọ ata ni kí o ṣe lọ̀ ọ́: omi díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, bíi 100 mílílítà, kí abẹ bílẹ́ńdà lè rí nǹkan mú. Bí o bá da gbogbo omi sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni kajú á máa sá kiri nínú omi tí abẹ ò sì ní bá a. Nígbà tó bá ti di lẹ́ẹ̀, da 150 mílílítà tó kù sí i, kó lọ fún ìṣẹ́jú méjì, sinmi, kó tún lọ fún méjì sí i. Bó bá ṣì gbóná, má dé ìdérí rẹ̀ pinpin. Fi aṣọ ìnuwọ́ bo ihò orí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ooru á ti ìdérí dànù, ìwọ á sì máa nu àjà.

Fi ìka méjì ra á wò. Bó bá ṣì ń hán bíi gàrí, tún lọ̀ ọ́. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tó kù lọ, nítorí pé ahọ́n ọmọ ọdún méje á mọ ìyàtọ̀ kó tó mọ ohunkóhun mìíràn. Bí bílẹ́ńdà rẹ bá ti dàgbà, gba asẹ́ sẹ́ ẹ. Ohun tó o ní lọ́wọ́ báyìí, ọ̀rá inú rẹ̀ kò tó ti single cream, ṣùgbọ́n ó ju ti mílíìkì oat lọ dáadáa, láìsí màlúù níbẹ̀.

Leek ló kàn. Ó jọ àlùbọ́sà eléwé tó jẹun yó, iyanrìn sì máa ń sá pamọ́ sáàárín ewé rẹ̀, nítorí náà là á láti orí dé ìdajì ara, kí o sì ṣí ewé rẹ̀ sábẹ́ omi ẹ̀rọ. Gé méjì wẹ́wẹ́. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta òróró ólífì sínú páànù fífẹ̀, leek lé e, iyọ̀ fún-ún, omi ṣíbí méjì, kí o dé e, kí iná kéré. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ó máa gbà tó ìṣẹ́jú 10 sí 12. Mi ò fẹ́ kó pupa rárá. Àlùbọ́sà tó ti pọ́n dára nínú ọbẹ̀ ata, ṣùgbọ́n níbí, ńṣe la fẹ́ kó rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó máa yọ́ sínú òróró, kó dùn láìjẹ́ pé ṣúgà wà níbẹ̀. Ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn ni kí o fi aáyù ojú méjì tó o gé wẹ́wẹ́ sí i.

Lórí asparagus, o lóríire tí o wà ní Birmingham, torí pé agbègbè Evesham tí wọ́n ti mọ̀ fún asparagus kò jìnnà sí yín. Àsìkò rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrú. Ọjọ́ St George, 23 oṣù kẹrin, ni wọ́n ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì fi di nǹkan bí 21 oṣù kẹfà, ó ti tán. Èyí tó o bá rí ní oṣù kọkànlá, bàálù ló gbé e wá, mi ò sì ní na owó mi sí i. Kí o tó rà á nígbà mìíràn, wo orí rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ dì mọ́ra pinpin. Bí orí bá ti ń tú, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, fi í sílẹ̀. Mú méjì, fi wọ́n ra ara wọn. Tí wọ́n bá dún kín-ín kín-ín, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gé e.

Ìdí rẹ̀ máa ń le bí igi. Àwọn kan á ní kí o tẹ̀ ẹ́ títí á fi kán, kí o sì ju èyí tó kù nù. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ títí mo fi wo iye tó ń lọ sínú gbọ̀ọ̀ngbọ̀n ìdọ̀tí. Ní báyìí, bíi ìka kan péré ni mò ń gé kúrò, mo sì ń bó èèpo ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń bó kárọ́ọ̀tì. Gé orí rẹ̀ sọ́tọ̀. Gé ara rẹ̀ wẹ́wẹ́ ní dídábùú, kí o sì dà á sínú páànù leek nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Orí ní tirẹ̀, inú omi pásítà ló ń lọ, nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kí o gbé pásítà sọ̀, kó lè jáde ní tútù yọ̀yọ̀.

Ẹ̀wà tútù roboto, green peas, inú fírísà ni kí o ti mú un, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Bí àgbàdo ni: èyí tí wọ́n já láàárọ̀ tó o sè lójú ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó sùn lórí àtẹ mọ́jú, nítorí pé ṣúgà inú rẹ̀ ti ń di sítáàṣì láti ìgbà tí wọ́n ti já a. Wọ́n máa ń dì í sínú yìnyín kí ìyẹn tó rí ààyè ṣẹlẹ̀, nítorí náà ti inú fírísà lè dùn ju ti inú èèpo tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́jà lọ. 150 gíráàmù tó. Dà á sómi pásítà pẹ̀lú orí asparagus. Bí o bá rí broad beans, ó dára, bó o kàn lè fara da bíbó èèpo kejì rẹ̀. Èmi kì í sábà lè ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́.

Nípa pásítà fúnra rẹ̀, èyí tó kúrú tó sì ní ìlà lára, bíi penne, ló ń rọrùn fún ọmọdé. 400 gíráàmù. Wo ara rẹ̀ kí o tó rà á: èyí tó ń dán bíi gíláàsì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ọbẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ rí hánhán, tó funfun bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun lù ú, ojú idẹ ni wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́ jáde, bronze die ni wọ́n sì máa ń kọ sí i lára. Òun ni kí o mú bí àpò bá gbà á. Lítà omi mẹ́ta tó, kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, nítorí pé a fẹ́ kí omi náà ki. Iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan ààbọ̀ sínú rẹ̀ nígbà tó bá hó. Má fòyà, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á bá omi lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni inú pásítà ti lè rí iyọ̀ mu.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ wa ti mọ́ dída omi sìpàgẹ́tì nù. Àwọn mìíràn tiẹ̀ tún ń fi omi tútù ṣan án kó má bàa lẹ̀ mọ́ra. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Omi tó funfun bí omi tí a fi fọ ìrẹsì yẹn ni ìjábẹ̀ rẹ, sítáàṣì inú rẹ̀ ló máa so òróró mọ́ kajú. Bu ife ńlá méjì pamọ́ kí o tó sẹ́ pásítà. Nígbà tó bá sì ku ìṣẹ́jú méjì kó jinná, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, ni kí o sẹ́ ẹ. Gé ọ̀kan sí méjì wò. Ojú funfun bíńtín gbọ́dọ̀ ṣì wà láàárín rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an la dé yìí, nítorí náà má dáhùn fóònù. Da pásítà àti ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ sínú páànù leek, da kírímù kajú lé e, da ìdajì ife omi pásítà sí i. Kí iná wà ní ìwọ̀nba. Lákọ̀ọ́kọ́, á dà bí ẹni pé o ti bà á jẹ́: omi á wà níhìn-ín, lẹ́ẹ̀ kajú á ṣù sọ́hùn-ún, òróró á máa léfòó lẹ́bàá páànù. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má fi ohunkóhun kún un. Máa rò ó, máa gbọn páànù, máa yí ti ìsàlẹ̀ wá sókè. Láàárín ìṣẹ́jú kan, etí rẹ ló máa kọ́kọ́ mọ̀: híhó omi á rọlẹ̀, á wá máa dún pọ̀kọ́ pọ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú á rí i pé òróró kò léfòó mọ́, gbogbo rẹ̀ á sì máa dán. Fi ṣíbí onígi la ìdí páànù kọjá. Bí ọ̀nà tó là bá pa dé lójú ẹsẹ̀, ó ṣì ṣàn. Bí kò bá pa dé rárá, ó ti ki jù, fi omi pásítà sí i. Bí o bá lè ka ení, èjì, kó tó pa dé, pa iná.

Jẹ́ kó ṣàn ju bí o ṣe fẹ́ kó rí lórí àwo lọ díẹ̀. Kajú kì í dúró sójú kan. Láàárín ìdáná àti tábìlì, á tún ki sí i. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nìyí: ó dára nínú páànù, ó wá di fùfú lórí àwo.

Adùn ló kù. Ohun tí ṣíìsì ń ṣe nínú irú oúnjẹ yìí ni pé ó ń fún un ní ìjìnlẹ̀, èyí tí iyọ̀ nìkan kò lè fún un. Nutritional yeast, ìwúkàrà gbígbẹ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ dùn, ṣíbí ìjẹun méjì, ń ṣe é, wọ́n sì ń tà á ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tú àṣírí ilé mi sílẹ̀: irú pẹ̀tẹ̀ ni mo ń lò. Ìdajì ṣíbí tíì, mo ń fi ẹ̀yìn ṣíbí rẹ́ ẹ mọ́ òróró nígbà tí leek bá ń rọ̀ lọ́wọ́. Òórùn rẹ̀ á lọ, adùn rẹ̀ á kù, kò sì sí àlejò tó tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí o bá ju ìdajì yẹn lọ, ẹ̀fọ́ rírò lo ń sè yẹn, má sì sọ pé èmi ni mo ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́mọ́ọ̀nù ló kẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn tí o bá ti paná: ha èèpo rẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i, fún omi ìdajì rẹ̀. Bí o bá tètè fún un, àwọ̀ ẹ̀fọ́ tútù yẹn á di àwọ̀ ewé tó ti ṣá. Kajú kì í dì bíi sóyà, ṣùgbọ́n asparagus kì í dárí ji ẹni tó bá fi nǹkan kíkan sè é pẹ́. Bu ti àwọn ọmọ sọ́tọ̀ kí o tó da black pepper sí tiyín.

Bí ọmọ tó ń jẹun nílé yín bá jẹ́ ẹni tí kajú ń ṣe ní jàǹbá, má fi oúnjẹ yìí dán nǹkan wò. Ẹ̀wà funfun inú agolo, cannellini, ọ̀kan tó jẹ́ 400 gíráàmù, tí o sẹ́ omi rẹ̀ tán tó o lọ̀ pẹ̀lú òróró ólífì ṣíbí mẹ́ta, á rọ́pò rẹ̀. Kò kúnná tó kajú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó ti kajú. Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí a kò lo egúsí. Mo ti dán an wò. Egúsí tí a rẹ tí a sì lọ̀ kúnná jọ mílíìkì lóòótọ́, títí iná fi mú un. Ó dì ṣùùrù, ṣùùrù, bó ṣe máa ń dì nínú ọbẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn, kò sì ní torí pásítà kọ́ òmíràn.

Máa ka ara páálí pẹ̀lú. Òfin níbí ni pé kí wọ́n jẹ́ kí orúkọ ohun 14 tó lè ṣe ara ní jàǹbá hàn ketekete láàárín àwọn èròjà yòókù, mílíìkì sì wà lára wọn, nítorí náà kò ṣòro láti rí. Pesto inú ìgò, ọbẹ̀ ewé lílọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ pásítà, sábà máa ń ní ṣíìsì, mílíìkì sì máa ń wà nínú àwọn kúùbù ọbẹ̀ kan àti mágárínì kan tí a ò rò pé ó lè wà níbẹ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù yóò dì gbagidi nínú fíríìjì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Dá a padà sínú páànù pẹ̀lú omi ìdajì ife, máa rò ó lórí iná kékeré, á tún yọ́. Kírímù kajú fúnra rẹ̀ lè lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì. Ìlọ́po méjì ni mo máa ń ṣe, kí n gbé ìdajì sínú fírísà de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá yọ́ tán tó sì pínyà, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú bílẹ́ńdà ló ń fẹ́.